Ìwé Tí Dàwódù Kọ fún Ìyá Onípáànù

Bí Dàwódù bá bá ènìyàn yan odì, ẹni náà á ti gbàgbé ohun tó dá ìjà sílẹ̀ tipẹ́, Dàwódù á ṣì máa ka ọ̀rọ̀ náà bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yan odì lórí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá wọn. Ó bá onílé rẹ̀ ní Dópẹ́mu yan odì débi pé ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín wọn. Nígbà tó yá, ó bá ìyàwó náà yan odì, obìnrin náà sì kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n tún wá tì í mọ́ yàrá kan náà pẹ̀lú Nùréènì, àwọn tó mọ̀ ọ́n l'Ágége ní ìyà tí adájọ́ fi jẹ ẹ́ kò tó èyí tí àwọn wọ́dà fi kún un.

Nùréènì ló tú àṣírí wọn. Ilé búrẹ́dì kan lẹ́yìn ojú irin l'Ágége ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Dàwódù wà nídìí ààrò, Nùréènì sì ń wa ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì lọ sí Ọ̀pẹ̀bí. Wọ́n jọ ń jí fúláwà kó, wọ́n jọ ń tà á níta. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, ọlọ́pàá kò tíì gbé ohùn sókè tí Nùréènì ti ní Dàwódù ló ń ṣí sítọ́ọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀tá kì í dun ènìyàn bí òótọ́ tí ọ̀rẹ́ bá sọ fún ọlọ́pàá. Láti ọjọ́ náà, Dàwódù kò bá Nùréènì sọ̀rọ̀ mọ́.

Nínú yàrá ẹ̀wọ̀n, ààyè kò gba odì. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń sùn, bí ọ̀kan bá yí padà, èkejì á yí padà. Síbẹ̀ Dàwódù kò la ẹnu. Bí ẹsẹ̀ Nùréènì bá gun orí ẹní rẹ̀, Job ni yóò pè. Job ni olórí yàrá wọn, ọmọ Ìlàjẹ kan tó síngbọnlẹ̀, tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́.

"Job, bá mi sọ fún ẹsẹ̀ yẹn kó kúrò lórí ẹní mi."

Job á wá kojú sí Nùréènì, á ní: "Ẹsẹ̀, ṣé o gbọ́ àbí kí n tún un sọ?"

Gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Dàwódù kì í rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ilé ìdáná ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, igi fúrúùtù kan wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Ilésanmí ti ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ìwé. Ará Èkìtì ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó wọ ẹ̀wọ̀n, tíṣà náà ni wọ́n sì ń jẹ́ níbẹ̀. Àwọn wọ́dà pàápàá kò pè wọ́n ní orúkọ mìíràn. Pákó kan tí wọ́n fi dúdú ìdí ìkòkò kùn ni wọ́n fi ń ṣe pátákó. Dàwódù a máa gba ibẹ̀ kọjá, á sì yínmú. Kíláàsì kẹta ló wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí tíṣà kan fi nà án nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ó dìde lórí àga, ó lọ sílé, ó ní òun kò padà síbẹ̀ mọ́, kò sì padà. Ó ṣì mọ irú fìlà tí tíṣà náà dé lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó wá mú un jókòó níwájú tíṣà mìíràn kì í ṣe ìrònúpìwàdà. Ìbínú ni. Lọ́jọ́ kan tó ń kọjá, Bàbá Ilésanmí ń ka ohun tí ẹlẹ́wọ̀n kan kọ nípa àbúrò bàbá rẹ̀ tó gba oko lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira. Dàwódù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n sì kà á tán, ó rí i pé òun ti kórìíra ọkùnrin kan tí òun kò rí rí. Ó gbé korobá sílẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun yóò ṣe kọ Nùréènì. Òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo Agége á kà á, ojú á sì tì í títí dé orí ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Bàbá.

"Kí lo fẹ́ kọ́?"

"Mo fẹ́ kọ ìwé nípa ẹnìkan ni, sà."

"Ẹni tó o fẹ́ràn?"

"Rárá, sà."

Bàbá Ilésanmí wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa, jókòó. Ìbínú náà wúlò. Kì í jẹ́ kéèyàn tòògbé."

Kò tòògbé lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agídí ṣe ń di ohun rere, kí ó wo Dàwódù ní ọdún náà. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti nípọn nítorí iná ààrò, bó bá mú pẹ́ńsùlù, pẹ́ńsùlù á ṣẹ́. Ó mú èédú, ó ń kọ lẹ́tà sára ògiri títí wọ́dà fi ní kó fọ ògiri náà. Ó fọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi kọ ọ́ sórí símẹ́ńtì, ibi tí oòrùn á ti pa á rẹ́ kí wọ́dà tó dé. Bí lẹ́tà kan bá yọ ọ́ lẹ́nu, ó máa ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kò sì ní fi í sílẹ̀ àfi bó bá ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Òun kò rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí kì í kà: ara ọ̀rá ọṣẹ, ẹ̀yìn páálí oògùn, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ẹ̀pà.

Bàbá wá yá a ní ìwé ìtàn Yorùbá kan tí eku ti jẹ iwájú rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀sán kan ló ń kà á nígbà tí wọ́n pín oúnjẹ. Wọ́n pè é, kò gbọ́. Job jẹ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Dàwódù gbé ojú sókè, tó rí abọ́ òfìfo, gbogbo yàrá ń retí odì tuntun. Ó kàn bi Job léèrè pé ṣé ẹ̀wà náà dùn, ó sì padà sínú ìwé. Lọ́jọ́ yẹn ni Job lọ sọ fún Bàbá Ilésanmí pé kí wọ́n wá wo nǹkan, pé Dàwódù ń yí padà.

Kò tíì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń kọ ìwé Nùréènì. Ó kọ ọ́ kún ojú ewé mélòó kan, ó sì gbé e fún Bàbá. Wọ́n mú un súnmọ́ ojú wọn dáadáa, nítorí ojú náà ti ń ṣú.

"Mo ti kà á," ni wọ́n wí. "Mo rí èébú. Níbo ni ọkùnrin náà wà?"

"Òun ni mò ń bú, sà."

"Mi ò rí i. O ò sọ bó ṣe ń rìn, o ò sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹni tí mi ò rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ọ kórìíra rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Dàwódù wọ egungun. Díẹ̀ ló kù kó bá Bàbá yan odì. Ohun kan ṣoṣo tó dá a dúró ni pé bó bá bá Bàbá yan odì, kò ní sí ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Àárín ìgbà náà ni ojú Bàbá Ilésanmí ṣú pátápátá débi pé wọn kò lè kọ nǹkan mọ́. Dàwódù ló wá ń ka ìwé sókè fún àwọn tó kù lábẹ́ igi. Òun náà ló ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n kọ lẹ́tà sílé. Bí ó bá kọ tán, tó kà á fún ẹni tó ni ín, ẹni náà á gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà rí omi ojú rẹ̀. Kò gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ó kàn ní kí wọ́n má pa irọ́ fún òun, nítorí irọ́ kì í jókòó dáadáa lórí ìwé.

Ní ọjọ́ kan, Uswat wá. Uswat ni àbúrò Nùréènì obìnrin, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ọ̀pẹ̀bí. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, nígbà tí Nùréènì sì padà sí yàrá, ó sọ ohun tó gbọ́ fún wọn. Ìyá wọn ti kú. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ tó kú gan-an, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Fídáù ọjọ́ kẹjọ ló kù.

Sùlíyá ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Onípáànù ni gbogbo ilé búrẹ́dì ń pè wọ́n, torí àwọn ni wọ́n ń fi òróró pa inú páànù kí wọ́n tó gbé búrẹ́dì sínú ààrò. Wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó gba Dàwódù síṣẹ́, wọ́n sì ń ṣe é títí agbára wọn fi tán.

Nínú ilé tiwọn, bí wọ́n bá ń ṣe fídáù, àkọ́bí ni yóò dìde sọ irú ẹni tí olóògbé jẹ́ kí àáfà tó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Àkọ́bí wà lẹ́wọ̀n. Àlàájì Abdulmumin, àbúrò ọkọ ìyá náà, ti ní òun yóò sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀, àwọn ará ilé sì ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń sọ ọ́ kiri pé ìtìjú ọmọ olè ló pa obìnrin náà, pé kí àwọn ìyá fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Uswat ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́, pé òun yóò dìde kà á kí Àlàájì tó la ẹnu. Ọjọ́bọ̀ ni òun yóò padà wá gbà á. Bí kò bá sí nǹkan lọ́wọ́ òun, ọ̀rọ̀ Àlàájì ni wọn yóò fi sin ìyá wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Nùréènì kò mọ̀wé. Bàbá Ilésanmí kò ríran. Job wo yàrá yíká, ó ní ẹnì kan ló kù. Kò dárúkọ. Dàwódù yí ojú sí ògiri.

Ó ti gbàdúrà fún irú ọjọ́ yìí. Ẹni tó fi ẹnu rẹ̀ tà á wá nílò ọwọ́ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó lè fi ipá mú un, Nùréènì á sì mọ bó ṣe ń rí lára. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo ògiri, ìyá náà ló ń rí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ilé búrẹ́dì, tí iná ààrò bó apá rẹ̀, òun kan náà ló fi òróró páànù pa á lára, tó ní kó má sunkún, pé búrẹ́dì pàápàá, ẹ̀yìn iná ló ń dùn. Obìnrin náà kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ láyé, bóyá òun nìkan ni kò ṣẹ̀ ẹ́.

"Job," ló wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, "sọ fún un kó wá jókòó síbí. Ìyá ni mo fẹ́ kọ, kì í ṣe òun."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Dàwódù jókòó pẹ̀lú ìwé lórí itan, Nùréènì jókòó níwájú rẹ̀, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, Job sì wà láàárín bí ògbufọ̀ ní kóòtù.

"Bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ fẹ́ràn."

"Nùréènì, ó ní kí ni ìyá ẹ fẹ́ràn."

"Mo gbọ́. Sọ fún un pé orógbó ni. Wọ́n máa ń jẹ orógbó bíi pé gúgúrú ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní orógbó."

"Mi ò dití," ni Dàwódù wí fún Job, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀fun Job fi gbẹ, àwọn tó kù sì yí wọn ká, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Dàwódù ní kó bi í bí ìyá ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn. Nùréènì ní wọ́n á ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú òróró, wọ́n á fi pa páànù náà yí po.

"Irọ́ lo pa," ni Dàwódù wí. "Ọwọ́ òsì ni."

 Kì í ṣe Job ló bá sọ̀rọ̀. Ojú Nùréènì ló ń wò. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó ṣe. Ohun tó ń bí i nínú ni pé wọ́n fẹ́ kí òun kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Nùréènì tẹ orí ba. "Ọwọ́ òsì ni," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ níbi fídáù. Àlàájì máa ń sọ ọ́ pé ọwọ́ òsì ni ìyá wa fi ń wá oúnjẹ fáyé jẹ. Ṣé o fẹ́ kí n fi kún un ni?"

"Ta ló ba ọwọ́ ọ̀tún wọn jẹ́? Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń po fúláwà ni? Ẹ̀rọ náà fà á wọlé, ìka náà kò sì ṣí mọ́. Ṣé kí wọ́n jókòó sílé kí ebi pa ẹ̀yin ọmọ wọn ni? Gbogbo Agége ló jẹ búrẹ́dì ọwọ́ òsì yẹn. Àlàájì náà jẹ ẹ́." Ó na ìwé náà sí i bíi pé ó lè kà á. "Ìwọ rántí bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní nǹkan?"

Nùréènì rántí. Ìyá náà kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọdé. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ọ ní nǹkan, wọ́n á gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ, wọ́n á wá ní, "Mú un, ọmọ mi." Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá síbi iṣẹ́ máa ń rò pé ìgbéraga ni. Nùréènì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, nígbà tó sì dé ibi "mú un, ọmọ mi", ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Dàwódù dúró dè é. Kò sọ pé kó má sunkún.

Wọ́n tún jà lórí ohun kan. Nùréènì fẹ́ kó kọ ọ́ pé òun wà ní ìrìnàjò. Dàwódù ní láéláé. Ó ní bí àwọn bá pa irọ́ ẹyọ kan ṣoṣo, Àlàájì á dìde, á sọ òótọ́, òótọ́ rẹ̀ á sì pa gbogbo ohun tí àwọn kọ. Àfi kí àwọn sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀.

"Kí ni ìyá ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n mú wa?" ló bi í.

"Wọ́n fi páànù sílẹ̀, wọ́n lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá. Orúkọ ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ dá."

"Orúkọ èmi?"

"Uswat wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́, kó ṣàánú Dàwódù tí kò ní ìyá. Ẹ̀yìn ẹ ni wọ́n tó dárúkọ mi."

Dàwódù fa ìwé náà súnmọ́ ara.  Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé àwọn ọmọ méjì ni Sùlíyá ní nínú ilé búrẹ́dì náà, ọ̀kan tí wọ́n bí àti ọ̀kan tí wọn kò bí, pé àwọn méjèèjì jọ jalè, pé ìyá kò mọ̀, kò sì jẹ nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ láìfi ẹ̀bi sórí ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Ẹni tó bá mọ Dàwódù nìkan ló lè mọ iye tí gbólóhùn yẹn ná an.

Ó kà á fún Bàbá Ilésanmí lábẹ́ igi kí Uswat tó dé. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n ní kó tún ibi ọwọ́ náà kà. Wọ́n ní, "Mo rí obìnrin náà." 

Lọ́jọ́bọ̀, Uswat gba ìwé náà, ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́dà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní àlejò wà fún Dàwódù. Dàwódù ní wọ́n ṣì í pè ni. Láti ìgbà tó ti dé ọgbà náà, ẹnikẹ́ni kò wá béèrè rẹ̀. Ta ni ì bá wá, nígbà tó ti bá gbogbo wọn yan odì?

Uswat ni. Ó kúnlẹ̀ kí i kí wọ́dà tó lè dá a dúró.

"Bọ̀ọ̀dá, mo kà á."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní Àlàájì ti tún fìlà ṣe, ó ti múra àtidìde. Nígbà tí òun ka ibi tó ní àwọn ọmọ méjèèjì jalè, gbogbo ènìyàn wo Àlàájì, ó sì rọra fi ẹ̀yìn ti àga, torí ohun tó fẹ́ sọ, wọ́n ti sọ ọ́ tán. Nígbà tí òun dé ibi ọwọ́ òsì, àwọn obìnrin ilé búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọ̀gá pàápàá tẹ orí ba. Nígbà náà ni àáfà dìde. Ó ní wàásù tí òun mú wá, òun kò ṣe é mọ́. Ó ní gbogbo wọn ló mọ̀ pé ní ọjọ́ àjíǹde, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni rere yóò fi gba ìwé iṣẹ́ tó ṣe láyé. Ó ní obìnrin tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣí láyé yìí, tó sì bọ̀wọ̀ fún ènìyàn débi pé kò fi òsì na nǹkan sí ọmọdé, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ni yóò ṣí láti gba ìwé tirẹ̀. Gbogbo àgbàlá ló ṣe àmín.

"Wọ́n bi mí pé ta ló kọ ọ́," ni Uswat wí. "Mo ní ọmọ ìyá wa kejì ni."

 Dàwódù padà sí yàrá, ó lọ bá Nùréènì, ó sì tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Job jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìní iṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó di màlékà. Ó ṣì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yan odì títí di òní, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn pẹ̀lú alásè ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó ń to àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jókòó, tí Bàbá Ilésanmí wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n di ojú, tí wọ́n ń gbọ́, Nùréènì wá dúró ní ẹ̀yìn gbogbo wọn.

"Kí lo fẹ́?" ni Dàwódù bi í.

"Mo fẹ́ lè máa kà á fúnra mi. Ti ìyá."

Dàwódù wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn, mi ò tíì gbàgbé o."

"Mo mọ̀."

"Mi ò sì ní sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì fún olórí kunkun."

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Jókòó síwájú," ni Dàwódù wí, ó sì ṣẹ́ èédú ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí i.